Ara láptọ́ọ̀pù kì í ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò: ìrírí mi nídìí kíkun kọ̀ǹpútà ní Ifẹ̀

Àtúnṣe kọ̀ǹpútà niṣẹ́ mi ní Lágere, nílùú Ifẹ̀, kíkun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rá wọ inú ẹ̀ ni. Ohun tó fà á ò le. Àwọn láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ń wọlé wá yìí, ẹ̀rọ inú wọn ṣì máa ń dáa, ara wọn ló máa ń ti họ, ti ṣá, sítíkà iléeṣẹ́ tó lò ó lókè òkun ṣì máa wà lẹ́yìn ẹ̀ gbagidi, ọmọ Yunifásítì tó fẹ́ gbé e wọ kíláàsì á wá ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè bá mi kun ún ni?" Ní Ifẹ̀ níbí, téèyàn bá ń wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kun nǹkan kó dán, ọ̀dọ̀ àwọn pẹ́ńtà mọ́tò ló máa lọ, ibẹ̀ lèmi náà sì lọ.

Bàbá Pẹ́ńtà la máa ń pe ọ̀gá tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di gọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń fọ́n pẹ́ńtì mú. Ọwọ́ wọn dáa, kí n má purọ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì tó bá kúrò lọ́wọ́ wọn, èèyàn lè fi fá irùngbọ̀n bíi dígí. Ṣùgbọ́n irin ni wọ́n ti ń kùn láti kékeré. Ìdajì ohun tí wọ́n kọ́ mi ló bá ike kọ̀ǹpútà mu wẹ́kú, ìdajì tó kù, tẹ́ ẹ bá ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún mọ́tò, ẹ máa ba nǹkan onínǹkan jẹ́. Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń gbé láptọ́ọ̀pù fún pẹ́ńtà mọ́tò tààrà, wọ́n á sì wá máa bi mí léèrè nígbà tó bá ti bàjẹ́ tán.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí tínà. Pẹ́ńtà mọ́tò kì í kun nǹkan láìkọ́kọ́ fi tínà tàbí pẹtiróòlù nù ún, kó lè gbé gírísì kúrò, irin ò sì ní sọ nǹkan kan. Ìgbà tá a kọ́kọ́ fẹ́ dán an wò, iwájú òkú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ni mo gbé lọ, èyí tẹ́nikẹ́ni ò ní béèrè mọ́. Ọmọọṣẹ́ Bàbá ti àkísà bọ tínà ó nù ún bó ṣe máa ń nu gbogbo nǹkan. Kò pẹ́ rárá tójú ike yẹn fi kú, ó ń fà mọ́ọ lọ́wọ́, àmì ìka ọmọ náà sì wà lára ẹ̀ rekete. Bàbá gbé e sókè wò ó, wọ́n ní "irú irin wo tún lèyí?" Mo ní "Bàbá, kì í ṣe irin, ike ni." Wọ́n ní "ìwọ ọmọ yìí, ṣebí bọ́ńpà náà ike ni." Òótọ́ sì lọ̀rọ̀ wọn! Bọ́ńpà náà ike ni, kí ló wá dé tí tínà ò fi ń ṣe é ní nǹkan kan? Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n lọ fara balẹ̀ kà nípa ike.

Ohun tí mo rí ni pé ike pé oríṣiríṣi, wọn ò sì bára wọn tan. Èyí tó pọ̀ jù lára kọ̀ǹpútà, iwájú system unit, ẹ̀yìn mọ́nítọ̀, ara máòsì, ABS ni, tàbí ABS tí wọ́n po polycarbonate mọ́. Asitóònù, ìyẹn ohun táwọn obìnrin fi ń yọ kútẹ́ẹ̀sì, máa ń yọ́ ABS pátápátá, tínà tó le tí wọ́n fi ń po pẹ́ńtì mọ́tò sì sábà máa ń ní in nínú, òun àti toluene. Bọ́ńpà ní tiẹ̀, polypropylene ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, PP. Tínà ò rí i gbé ṣe, ṣùgbọ́n pẹ́ńtì náà ò rí i dì mú. Ìdí nìyẹn táwọn pẹ́ńtà fi ní práímà, ìyẹn ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ fọ́n ṣáájú pẹ́ńtì, ti bọ́ńpà lọ́tọ̀, adhesion promoter ni wọ́n máa ń kọ sára agolo ẹ̀, téèyàn bá fò ó, èékánná lásán ló máa fi bó gbogbo pẹ́ńtì náà kúrò. Ṣé ẹ rí i, ọ̀kan ń kọ tínà ó ń gba pẹ́ńtì, èkejì ń gba tínà ó ń kọ pẹ́ńtì. Nígbà tí mo ṣàlàyé ẹ̀ fún Bàbá, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ pé bọ́ńpà máa ń ṣagídí, àwọn ò kàn mọ orúkọ tó ń jẹ́ ni.

Torí náà, ike wo rèé, ìyẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń wá kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ tú u, ẹ wo inú ẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sábà máa ń tẹ orúkọ ẹ̀ mọ́ ọn báyìí: >ABS<, >PC+ABS<, >HIPS<, >PP<. Tẹ́ ẹ bá wá a títí tí ẹ ò rí i, ẹ gé fọ́nrán kékeré níbi tí ò ní hàn, ẹ jù ú sínú abọ́ omi. PP máa léfòó torí pé ó fúyẹ́ ju omi lọ, ABS máa rì. Ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sómi náà kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ rì dáadáa o, torí afẹ́fẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lè gbé ABS náà léfòó kó fi yín ṣẹ̀sín. Fún nínu, omi ọṣẹ ti tó, lẹ́yìn náà sipírítì tí wọ́n ń tà nílé kẹ́mísì tàbí IPA, isopropyl alcohol, táwọn tó ń tún fóònù ṣe ń lò.

Asitóònù yìí náà ò burú tán ṣá. Àwọn láptọ́ọ̀pù tí híńjì ẹ̀ ti fa ibi tí skúrù wọ̀ ya, ẹ fá ABS kan náà wẹ́wẹ́ sínú ìgò, ẹ da asitóònù díẹ̀ lé e, ẹ dé e, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó máa di gọ́ọ̀mù tó ki. Ẹ fi ìyẹn mọ ojú ibi tó ya, tó bá gbẹ tán ara kan náà ni òun àti ike yẹn máa jẹ́, súpágúlù ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ má kánjú de skúrù padà o, ó máa ń pẹ́ kí inú ẹ̀ tó gbẹ. Iná ò sì gbọdọ̀ wà nítòsí, kò sí ẹni tó ń mu sìgá nídìí asitóònù.

Ibi tí Bàbá ti borí gbogbo wa ni sáńpépà. Wọn kì í wò ó, wọ́n á dijú, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ rà á lọ rà á bọ̀, ibi tó bá ṣì gún ọwọ́ díẹ̀ wọ́n á ní "padà síbẹ̀". Ike kọ̀ǹpútà, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló ní wóróhóró wẹ́wẹ́ lójú látilé iṣẹ́, pẹ́ńtì ò lè bò ó, ṣe ló tún máa gbé e jáde. Ẹni tó bá fẹ́ kó dán gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà 320 tàbí 400 ha á kúrò, kó wá bọ́ sí 600, práímà lé e, kó fi 800 olómi kọjá lórí práímà náà. Ẹni tí wóróhóró yẹn ò bí nínú, 600 fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó, kó kàn gba dídán ojú ẹ̀ kúrò ni. Lójú tèmi ó dáa kí wóróhóró yẹn wà lára láptọ́ọ̀pù, torí ohun tó bá ń dán gbọ̀ọ̀ máa ń fi ìka hàn, gbogbo ìgbà lẹ ó máa nù ún. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń gbá géèmù ò ní gbọ́, wọ́n fẹ́ kó dán ṣá ni.

Téèyàn bá ti ń ha ike ní gbígbẹ, iná kékeré kan máa ń gun ara ẹ̀ tó máa ń fa eruku mọ́ra, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì burú tó lásìkò ọyẹ́. Ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nù ún kẹ́yìn, kì í ṣe aṣọ gbígbẹ, aṣọ gbígbẹ tún ń pe eruku sí i ni.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ yìí gbé mi dé orí ojú ọjọ́, níbi tí mo rò pé Ifẹ̀ ti yàtọ̀ sí gbogbo fídíò tí ẹ máa ń wò. Òyìnbó á ní kẹ́ ẹ gbé agolo sípíréè sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó lè jáde dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn, ooru tiwa ti tó o. Wàhálà tiwa ni ọ̀rinrin. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá tójò ń rọ̀, téèyàn bá fi pẹ́ńtì tó ń tètè gbẹ kun nǹkan lẹ́yìn òjò, kò ní pẹ́ tí dúdú tó kùn fi máa yọ funfun láwọn ibì kan, dídán ẹ̀ á sì lọ. Ohun tó ń ṣe é ni pé tínà tó ń fò kúrò lójú pẹ́ńtì ló ń mú un tutù, tó bá ti tutù dé ibì kan, omi inú afẹ́fẹ́ á sẹ̀ sórí ẹ̀, á há sínú pẹ́ńtì tí ò tíì gbẹ. Bàbá ní tínà kan tó máa ń lọ́ra, òun ni wọ́n ń lò nígbà òjò, kí ojú pẹ́ńtì má bàa tutù lójijì. Tèmi tí mo sábà máa ń lo agolo sípíréè 400 ml, mi ò lè yí tínà inú agolo padà, nítorí náà àsìkò ni mò ń ṣọ́: aago mọ́kànlá òwúrọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, kí oòrùn ti ràn dáadáa kí ilẹ̀ sì ti gbẹ. Ojú ọ̀run tó bá ṣú, mo pa á tì, kí oníbàárà máa pè mí tó bá wù ú. Ẹ má sì jẹ́ kí August break tàn yín jẹ, òjò lè dá lóòótọ́ ṣùgbọ́n ṣe ni gbogbo ibi máa ń tutù rinrin.

Ọyẹ́ ní tiẹ̀, pẹ́ńtì á gbẹ kíákíá, nígbà míì kódà kó tó balẹ̀ sára ike ló ti gbẹ lójú afẹ́fẹ́, tẹ́ ẹ bá wá fọwọ́ rà á á máa ha yín lọ́wọ́. Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀, 20 sẹ̀ǹtímítà dípò 30. Bàbá máa ń wọ́n omi sílẹ̀ yí ká kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ kí eruku má dìde, mo jí ìyẹn mú lọ́dọ̀ wọn, mo ń ṣe é títí dòní.

Bí wọ́n ṣe ń kùn ún gan-an ò yàtọ̀ sí ti mọ́tò. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ẹ tẹ ẹnu agolo ṣáájú kó tó dórí ike, ẹ má tú u sílẹ̀ àfìgbà tó bá kọjá ike tán, àkọ́kọ́ ò gbọdọ̀ bo ike rárá, tẹ́ ẹ bá ṣì ń rí ike lábẹ́ ẹ̀ ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn agolo o! Àwọn kan máa ń sọ pé kẹ́ ẹ tún un kùn láàárín wákàtí kan tàbí kẹ́ ẹ dúró di ọjọ́ kejì, òmíràn tiẹ̀ ní ọjọ́ méjì, wọn ò fi ṣeré. Tẹ́ ẹ bá kun tiyín sí àárín méjèèjì, tìsàlẹ̀ á hunjọ, gbogbo ẹ̀ lẹ máa ha kúrò.

Ibi tí mo ti máa ń bá Bàbá jiyàn jù ni ooru. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò máa ń yan irin tí wọ́n bá kùn ní nǹkan bíi 140 degree kí pẹ́ńtì lè le, àwọn pẹ́ńtà wa náà sì gbà pé oòrùn líle ló ń parí iṣẹ́. Ní ti irin, kò burú. ABS ní tiẹ̀ ti ń rọ̀ tó bá fi máa di nǹkan bíi 100 degree, nǹkan tó bá sì tínrín bíi férémù ojú skíríìnì ò ní dúró dìgbà yẹn kó tó wọ́. Ọmọ kan tẹ́ férémù tiẹ̀ sórí páànù lọ́sàn-án gangan kó lè tètè gbẹ, ó gbé e wá bá mi pé kò wọlé dáadáa mọ́, mo gbé e lé orí tábìlì, igun ẹ̀ kan wà lókè. Kò sóhun téèyàn lè fi irú ẹ̀ ṣe. Abẹ́ ìbòòji tí afẹ́fẹ́ wà ni ike ti ń gbẹ.

Èyí tí ò tiẹ̀ sí lórí mọ́tò rárá ni ọ̀rọ̀ pé nǹkan gbọ́dọ̀ wọra. Práímà, pẹ́ńtì àti kílíà tí ò ní àwọ̀ tí wọ́n fi ń bo pẹ́ńtì lójú, tẹ́ ẹ bá ka gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó lè nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Lára ilẹ̀kùn mọ́tò, ta ló máa mọ̀? Lára láptọ́ọ̀pù, ibi tí ike méjì ti ń há mọ́ra, tẹ́ ẹ bá kun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ó ti di ìlọ́po méjì nìyẹn, kò ní pa dé, ẹni tó bá sì fipá tẹ̀ ẹ́ máa kán eyín kékeré tó ń dì í mú. Gbogbo etí, gbogbo eyín, ojúhò skúrù, ihò USB, ibi tí bọ́tìnnì ti ń wọlé jáde, tépù ló máa ń lọ síbẹ̀. Mo máa ń pẹ́ nídìí tépù ju nídìí pẹ́ńtì lọ, àwọn tó bá dúró tì mí máa ń rò pé mò ń fi àsìkò ṣòfò. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà náà ńkọ́, ẹ má jẹ́ kí pẹ́ńtì dí i. Fáànù, ẹ yáa fi abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀, ẹ kun férémù ẹ̀ nìkan, torí tí pẹ́ńtì bá wúwo sápá kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ẹ wo inú láptọ́ọ̀pù náà dáadáa kẹ́ ẹ tó ha nǹkan kan. Àwọn kan ní ohun kan tó rí bíi sílífà tí wọ́n fọ́n sínú ike lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ máa ń rò pé pẹ́ńtì àtijọ́ ni. Ohun tó ń dènà ìgbì rédíò ni, kó má jáde kó má sì wọlé, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀. Bákan náà system unit, ibi tí irin ti kan irin, ẹ má kùn ún, ibẹ̀ ni iná tó bá ṣìnà ń gbà lọ sílẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti Wi-Fi. Ọmọ kan ní Mayfair, Ifẹ̀ níbí, gbé láptọ́ọ̀pù ẹ̀ wá, ó ní Wi-Fi ò lọ dáadáa mọ́, àfi tó bá jókòó ti ráútà. Ó ti ra káàdì Wi-Fi tuntun sí i, kò yí padà. Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀, sílífà ń kọ mànà, pẹ́ńtà mọ́tò kan ló kùn ún fún un. Àwọn pẹ́ńtà fẹ́ràn metallic yẹn, irin sì ni wọ́n fi ń ṣe é, èérún aluminium wẹ́wẹ́. Waya áńtẹ́nà láptọ́ọ̀pù máa ń gba inú híńjì gòkè, ó máa ń parí sí òkè skíríìnì lábẹ́ ike yẹn gan-an, a wá fi irin bò ó lójú. Kì í ṣe gbogbo metallic ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o, ó wà lọ́wọ́ bó ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe nípọn tó, ṣùgbọ́n tèmi, mi ò kì í gbé e sún mọ́ orí skíríìnì. A ha apá òkè, a fi pẹ́ńtì aláwọ̀ eérú lásán tí ò ní irin kùn ún, Wi-Fi padà.

Àwọn láptọ́ọ̀pù àti máòsì dúdú tí ojú wọn máa ń rọ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n bá ti dàgbà, pàápàá nílẹ̀ tó ní ọ̀rinrin bíi tiwa, á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ọ lọ́wọ́. Àwọn èèyàn á ní ó dọ̀tí, wọ́n á máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò lè lọ láéláé, torí kì í ṣe ìdọ̀tí, polyurethane tí wọ́n fi bò ó ló ń jẹrà. Ẹ má kun nǹkan kan lé e lórí. Sipírítì àti àkísà, kẹ́ ẹ máa nù ún títí gbogbo ẹ̀ fi máa bó, ó ń gba agbára, ọwọ́ yín á dúdú. Nígbà míì ike tó wà lábẹ́ ẹ̀ lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà á ní kí n má wulẹ̀ kùn ún mọ́, owó mi ti dín nìyẹn.

Àwọn kọ̀ǹpútà aláwọ̀ ìyẹ̀fun tó ti pọ́n náà ńkọ́, oòrùn àti ooru ló fà á, wọ́n sì máa ń dá kẹ́míkà bromine tí wọ́n fi sínú ike kó má bàa tètè gbaná lẹ́bi. Láti nǹkan bí ọdún 2008 làwọn tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti ń fi hydrogen peroxide àti oòrùn dá a padà sí funfun, krímù táwọn onírun fi ń pa irun láró lè ṣe é. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń padà pọ́n. Ilé ìwé aládàáni kan ní kí n bá wọn ṣe mọ́nítọ̀ wọn, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kùn wọ́n.

Hádénà, ohun tó ń mú kílíà le, ló wá kù. Kílíà tí wọ́n ń po hádénà mọ́ le ju ti agolo lásán lọ, òun ló yẹ máòsì torí òógùn ọwọ́, ṣùgbọ́n isocyanate wà nínú ẹ̀, ó lè fi asima sí èèyàn lára títí ayé. Bàbá máa ń fi háńkáṣíìfù de imú, wọ́n á wá mu mílíìkì lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n ní ó ń fọ àyà. Mílíìkì ò mọ ọ̀nà àyà, ikùn ló ń lọ, mo ti sọ ọ́ títí, wọ́n ní àwọn tó kọ́ wọn níṣẹ́ náà mu ún. Emi kì í po hádénà, iṣẹ́ tó bá gbà á, mo máa ń sọ fún oníbàárà pé kò sí lọ́wọ́ mi.

Kíbọ́ọ̀dù náà mi ò kì í kùn ún, ẹ má wulẹ̀ gbé e wá. Orí bọ́tìnnì ni lẹ́tà wà, pẹ́ńtì á bò ó, ìka á ha pẹ́ńtì kúrò lórí A àti E kó tó pẹ́, kílíà á sì há sáàárín bọ́tìnnì. Sítíkà lẹ́tà wà ní Lágere, kò wọ́n. Kódà tó bá jẹ́ ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù nìkan ló họ díẹ̀, ẹ lọ ra skin, sítíkà ńlá tí wọ́n fi ń bo ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo máa ń sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, ọmọọṣẹ́ mi ní mò ń lé owó lọ. Èyí tó bá ya, tó bó, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ọ lọ́wọ́, ìyẹn ni kẹ́ ẹ gbé wá, kẹ́ ẹ sì yọ háàdì díìsì yín kúrò nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi sílẹ̀ fún mi.